Ejò Ẹ̀yìn Ilé Alága

Ahọ́n ejò là sí méjì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí pé ejò purọ́. Ahọ́n Bàbá Ògúntádé, alága àwọn onílé ní àdúgbò kan létí ọ̀sà ní Bàrígà, odindi ni Olúwa dá a. Síbẹ̀, ó ń fi ìdajì rẹ̀ bá àdúgbò sọ̀rọ̀, ó ń fi ìdajì kejì bá ìjọba sọ̀rọ̀, ìdajì méjèèjì kì í sì í mọ ohun tí ara wọn ń sọ.

Ọkùnrin náà ga, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ dé ibi ìpàdé. Bó bá jí láàárọ̀, kì í dúró de ẹni tí yóò kì í. Òun fúnra rẹ̀ a dúró níwájú dígí, a máa ki ara rẹ̀: "Ògúntádé, àgbà tí í jókòó kí àga tó mọ̀ pé àga lòun. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó di òfin." Alángbá tó já láti orí ìrókò, tó ní bí ẹnikẹ́ni ò yin òun, òun á yin ara òun, ó kúkú já láti orí ìrókò ní tòótọ́. Eléyìí ò tíì gun ohun kan tó ga ju àga ìpàdé lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Irà kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì Ògúntádé gan-an ni irà náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì nà dé etí ọ̀sà, níbi tí àwọn igi ẹ̀gbà ti gbé gbòǹgbò wọn sókè bí ẹsẹ̀ alákàn. Kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹni tó gbé Ògbómọ̀ṣọ́ títí tó fi kú láìfojú kan ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ó ti tà á. Mùíz, ọkùnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ló rà á, ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé tí òun yóò máa kó bébà pamọ́ sí. Bébà, létí omi. Kí Olúwa má ṣe fún wa lówó kó gbàgbé ọgbọ́n sílẹ̀.

Kí irà tó di ilẹ̀, iyanrìn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Kí iyanrìn tó wọ̀ ọ́, àwọn ará àdúgbò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ, ìjọba ò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, Mùíz á padà wá sí Bàrígà wá béèrè ilẹ̀ rẹ̀. Mùíz kì í sì í ṣe ẹni tí ń fọhùn jẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ògúntádé fi pín ahọ́n rẹ̀ sí méjì.

Ìdajì àkọ́kọ́, ó lò ó níbi ìpàdé àwọn onílé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ejò ti kún inú irà yẹn. Sèbé wà níbẹ̀. Paramọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Mo rí ọ̀kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó nípọn tó páìpù omi ìjọba, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ní kí wọ́n dá a láìlẹ́sẹ̀."

Ìyá Wonder wà níbẹ̀, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń yan ẹja tà létí omi. Wọn ò pè é, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé tí kì í lọ.

"Alága, páìpù omi ìjọba wo?" ó béèrè. "Láti ìgbà tí mo ti dé àdúgbò yìí, mi ò rí páìpù ìjọba rí. Ó lè jẹ́ ejò lẹ rí lóòótọ́."

Ẹ̀rín sọ. Ògúntádé dúró kó tán.

"Ìyá Wonder, ẹ jókòó. Ìpàdé onílé nìyí, ayálégbé ni yín."

"Ó dáa o. Èmi àti ejò, ayálégbé ni wá. Ṣùgbọ́n ejò irà yẹn ni kò jẹ́ kí eku jẹ ẹja mi tán. Bí ẹ bá pa ejò, ṣé ẹ̀yin lẹ óò máa wá bá mi pa eku?"

Ògúntádé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbé ohùn sókè, ó mú òwe jáde lápò. "Ẹ ti gbàgbé ohun tí àgbà wí? Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí sèbé tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ẹ gbọ́ o, wọ́n ti ń rìn pọ̀ báyìí. Lẹ́yìn ilé mi."

Òwe tí àwọn bàbá wa fi ń kọ́ ọmọ èèyàn ní ìṣọ̀kan ni ọkùnrin yìí sọ di ìròyìn. Àwọn onílé sì gbà á gbọ́, nítorí wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ òwe láìgbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé, kí gbogbo ọkùnrin tó lágbára mú igi àti kẹrosíìnì wá, kí wọ́n dáná sun irà náà, kí iyanrìn lè tẹ̀ lé e.

Ìdajì kejì ò pẹ́ tó fi ríṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn méjì kan wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ apẹja ni, ó sì kàwé nípa àwọn ẹranko tí ń fàyà fà. Èkejì ni Raphael, òun ló gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa rìn ká etí ọ̀sà, kí wọ́n mọ iye ejò, awọ́nríwọ́n, ahun àti ọ̀gà tó ṣẹ́ kù, kí ìjọba lè mọ irà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dí.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Ọmọ́ṣaléwá kúnlẹ̀. "A fẹ́ wo irà ẹ̀yìn ilé yín. Ṣé ẹ máa ń rí ejò níbẹ̀?"

"Ejò?" Ògúntádé wo òkè, ó wo ilẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ èdè Ṣáínà. "Ọmọ mi, ẹ̀fọn ni ejò tiwa níbí. Ibẹ̀ ti kú. Kódà ọ̀pọ̀lọ́ ti kó kúrò níbẹ̀."

"Àwa náà máa wò ó, sà."

"Ẹ wò ó dáadáa. Èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ."

Ó sì mú wọn lọ lóòótọ́. Kò wọ bàtà róbà bí tiwọn. Bàtà onígi kan tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wẹ̀ ló wọ̀, ó ń fi í gbá ilẹ̀ gbì, gbì, gbì. Ó ń wúkọ́. Ó ń pàtẹ́wọ́ lé ẹ̀fọn tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìyẹn ò tó, ó dá orin ìsìn sílẹ̀, ó sì gbé e ní ohùn tó lè jí òkú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Ọmọ́ṣaléwá ní, "ẹ bá wa sinmi orin díẹ̀. Àwọn ẹranko yìí ò fẹ́ ariwo."

"Orin Olúwa ni, ọmọ mi. Ta ni kò fẹ́ orin Olúwa?"

Raphael wo bàtà onígi náà. "Sà, ṣé sójà ni yín tẹ́lẹ̀ ni?"

Láàárín gbogbo èyí, awọ́nríwọ́n kan tí etí rẹ̀ ti ní láti di jáde láti abẹ́ òṣíbàtà, ó gùn tó apá àgbàlagbà, ó gba iwájú wọn kọjá, ó yọ ahọ́n, ó sì wọ inú ihò kan lọ.

Gbogbo wọn wo ihò náà.

"Àlejò ni," Ògúntádé ní. "Akoka ló ti wá. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń sìn ín."

"Àlejò tó ní ihò tirẹ̀, sà?"

"Wọ́n gbà á lálejò ni."

Wọn ò rí nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà, nítorí ohun gbogbo tó ní etí nínú irà náà ti sá. Àwọn tí kò ní etí pàápàá, bíi ejò, ilẹ̀ tí ń mì tìtì ti bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ògúntádé wọlé, ó dúró níwájú dígí, ó tún ara rẹ̀ kì.

Ṣùgbọ́n ọmọ apẹja ni Ọmọ́ṣaléwá, ó sì mọ̀ pé ilé tó níwájú ní ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti Raphael wọ ọkọ̀ ojú omi létí ibi tí Ìyá Wonder ti ń yan ẹja, wọ́n gba ojú ọ̀sà wọ irà náà láti ẹ̀yìn, wọ́n ń fi ọ̀pá rọra ti ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀. Abẹ́ òkìtì pákó tí Ògúntádé dà sẹ́yìn fẹ́ǹsì rẹ̀ nígbà tó ń kọ́lé ni wọ́n ti rí i: òjòlá kan, abo, ó wé mọ́ ẹyin rẹ̀.

Ọmọ́ṣaléwá ti rìn gbogbo etí ọ̀sà láti òpin ọdún tó kọjá, kò tíì rí òjòlá tó yé ẹyin. Gbogbo ohun tó ń rí ni òkú: èyí tí wọ́n ṣá, èyí tí wọ́n sun, èyí tí wọ́n gbé kọ́ igi kí ọmọdé lè wò ó. Ó di ẹnu mú kó má baà kígbe. Bí wọ́n ṣe padà sétí omi ni Ìyá Wonder sọ fún un pé ọ̀la ni wọn yóò dáná.

Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọmọbìnrin náà pé a kì í gba ẹ̀yìn ilé àgbà kọjá ká má sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni, alága nìkan ló lè dá iná náà dúró. Ó mú fóònù, ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí i, bí gbogbo wa ti ń kọ ọ́ lórí fóònù, láìfi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀:

*E kaale Baba. Ejo nla wa leyin ile yin. A ti foju ara wa ri i, a si ti ya foto re. E jowo e ma so fun enikeni ki won ma baa pa a. A n bo laaro ola pelu awon ijoba. Omosalewa.*

Ejò ni Ọmọ́ṣaléwá kọ. Ẹjọ́ ni Ògúntádé kà.

Mo bẹ yín, ẹ má dá a lẹ́bi. Ohun tó wà nínú ọkàn ni ojú ń kà. Bí ebi bá ń pa ọmọ, bí ẹ bá kọ "oko" fún un láìfi àmì sí i, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n oko tí iṣu wà ló máa kà. Ọkùnrin tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ wá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ẹjọ́ ńlá wà lẹ́yìn ilé òun. Kí ló kù tó fẹ́ kà?

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì náà kérora.

"Ìyá Tóbi, wọ́n ti pè mí lẹ́jọ́."

Dọlápọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. "Ta ló pè yín?"

"Ọmọ tó wá ka ejò yẹn. Lóòótọ́ kì í ṣe ejò ló wá kà. Wọ́n rán an ni. Gbọ́: 'A ti fojú ara wa rí i.' Kí ni wọ́n rí?"

"Èmi ò mọ̀. Kí lẹ ṣe tó ṣeé rí?"

"'A sì ti ya fọ́tò rẹ̀.' Háà. Ọjọ́ tí Mùíz wá wọn ilẹ̀ náà ni. Mo sọ fún un kó má wọ aṣọ pupa." Ó sún fóònù mọ́jú. "Tún wo ibí: 'Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má baà pa á.' O rí i? Wọ́n mọ̀ pé mo mọ èèyàn tó lè bá mi pa ẹjọ́ ní téṣàn ọlọ́pàá. Wọ́n ti dí ọ̀nà náà."

Dọlápọ̀ gba fóònù, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Àbí 'ẹ jó' ni wọ́n kọ? Bóyá ìnáwó ni wọ́n fẹ́ ṣe."

"Ta ni ń bá ìjọba jó láàárọ̀, Ìyá Tóbi?"

Ó kúnlẹ̀ ó gbàdúrà. Kì í ṣe àdúrà ìrònúpìwàdà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ó bẹ Ọba tó yọ Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún pé kó yọ òun náà. Ó gbàgbé pé Dáníẹ́lì kò ta ihò náà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dìde, ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn, irú ọgbọ́n tí ń pa ọlọ́gbọ́n: ẹni tó bá kọ́kọ́ rojọ́ ló ń jàre. Òun ò ní jẹ́ kí ìjọba sọ̀rọ̀ kí òun tó sọ. Ó pe Mùíz lórí fóònù, ó ní kó máa bọ̀ ní kùtùkùtù, nítorí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ bá wúwo fún, ẹlẹgbẹ́ ló ń wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú títì ti kún. Àwọn onílé ti mú igi, wọ́n ti mú kẹrosíìnì. Ìyá Wonder ti mú àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, ó ní òun fẹ́ wo bí àwọn ọkùnrin ṣe ń bá koríko jà. Mùíz dé láti Ṣómólú, yíǹkì dúdú ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn pé kí ló dé tí wọ́n fi pe òun. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ìjọba fi yọ, Ọmọ́ṣaléwá àti Raphael sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú obìnrin òṣìṣẹ́ kan tó wọ bàtà róbà.

Obìnrin náà ò tíì kí wọn káàárọ̀ tán tí Ògúntádé fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ délẹ̀.

"Ẹ̀yin ìjọba, mi ò bá yín jà," ó ní. "Òótọ́ ni mo ta irà. Mùíz tó dúró yìí ló rà á, ẹ bi í. Mo rò pé ohun tí kò bá lólúwa, ti alága ni. Òótọ́ ni mo sọ fún àdúgbò pé ejò kún ibẹ̀, kí wọ́n lè gbà ká dí i. Òótọ́ ni mo sọ fún ọmọ yìí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè gbà. Awọ́nríwọ́n yẹn ò wá láti Akoka. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa ẹjọ́ náà níbí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dé kóòtù."

 Obìnrin òṣìṣẹ́ náà wo Ọmọ́ṣaléwá. Ọmọ́ṣaléwá wo Raphael. Raphael wo ọ̀sà.

"Ẹjọ́ wo, sà?" Ọmọ́ṣaléwá béèrè.

"Èyí tí o kọ pé ó wà lẹ́yìn ilé mi."

"Ejò, sà." Ó fi ọwọ́ ṣe bí ohun tí ń fà nílẹ̀. "Ejò ni mo kọ. Òjòlá. Ó sàba lórí ẹyin lábẹ́ pákó yín."

Ìyá Wonder ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ìró rẹ̀ fi tú, ó tún un ró, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ejò ò tíì bù ú jẹ," ó ní, "alága ti pọ gbogbo oró inú rẹ̀."

Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ wò ó. Ọmọ́ṣaléwá ní kí wọ́n dúró lókèèrè, nítorí òjòlá ò ní oró ṣùgbọ́n ó ní eyín, abiyamọ sì ni. Ibẹ̀ ló wà, a-wé-bí-òṣùká, alára àrán, aláìlọ́wọ́ tí ń gbá ọmọ mọ́ra, aláìlẹ́sẹ̀ tí kì í tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ẹyin rẹ̀ funfun láàárín rẹ̀. Kò kọbi ara sí wọn. Ọkùnrin kan nínú àwọn onílé gbé igi sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn.

"Gbé igi yẹn wálẹ̀," Ìyá Wonder ní. "Ejò yìí ò tíì ta ilẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Gbólóhùn náà ló rán wọn létí. Ọkùnrin náà yí igi padà sọ́dọ̀ alága. "Ẹ wá ná, Bàbá. Ẹ ta irà, ẹ ò sì pín in kàn wá?"

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa jẹ́ ká lè rẹ́rìn-ín kí a má baà sunkún: nínú gbogbo àwọn onílé tó wà níbẹ̀, kò sí ẹnìkan tó sọ pé kò dáa láti ta ohun tí kì í ṣe tiwa. Ohun tó dùn wọ́n ni pé alága tà á láìpè wọ́n. Obìnrin òṣìṣẹ́ náà ní iná ò gbọdọ̀ kan irà náà, iyanrìn ò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí tí ìjọba yóò fi sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe nítorí ejò, bí kò ṣe pé inú wọn dùn pé alága ò ní rí i jẹ. Wọ́n gbé kẹrosíìnì wọn padà sílé lọ fi dáná.

Ẹ̀yin rò pé ojú á ti Ògúntádé. Ó dìde, ó gbọn ilẹ̀ kúrò láyà, ó sì gbé ahọ́n ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde, èyí tí a ò mọ̀ pé ó ní.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Ọmọ́ṣaléwá, "kí n má parọ́ fún ọ, láti ọjọ́ tí òjòlá yìí ti dé síbẹ̀ lèmi ti ń ṣọ́ ọ. Ta lẹ rò pé ó da pákó yẹn sí i lórí? Ṣé ẹ ò ní ipò kankan fún ẹni tí ń ṣọ́ wọn?"

Ọmọ́ṣaléwá wò ó títí. Ó ń wá ẹni tí yóò lé àwọn tó gbé igi kúrò nídìí ẹyin náà títí yóò fi pa, ó sì mọ̀ pé òun ò lè máa sùn lẹ́yìn fẹ́ǹsì. "Ipò wà, sà," ó ní. "Kò ní owó nínú. Ẹ gbé àga síbí, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn."

Ògúntádé fẹ́ kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ejò ń bà á, ẹ̀rù tòótọ́, kì í ṣe ti ìpàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tó bojú wo ọ̀nà àbájáde, Mùíz ti gbé àpótí Ìyá Wonder, ó ti jókòó sẹ́nu géètì iwájú, ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ títí òun yóò fi rí ilẹ̀ òun. Wọ́n ní kó wá wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn ilé. Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, òun ò lè wà níbi tí ejò wà, láti kékeré lòun ti kórìíra rẹ̀.

Bí àga alága ṣe dé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì nìyẹn. Ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, Mùíz ń ti Ṣómólú wá sẹ́nu géètì bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, Ògúntádé sì ń bẹ lẹ́yìn ilé pẹ̀lú òjòlá. Bí ọmọ àdúgbò kan bá mú igi yọjú, á fi ohùn kékeré lé e, nítorí ohùn ńlá á jẹ́ kí Mùíz mọ̀ pé ó wà nílé. Dọlápọ̀ ń na oúnjẹ sí i láti ojú fèrèsé.

"Báwo ni ọ̀gá yín lónìí?" ìyàwó rẹ̀ a bi í.

"Ó ń wò mí."

"Ẹ kí i fún mi."

Ọ̀sán kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹyin náà pa. Àwọn ọmọ òjòlá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti abẹ́ pákó, wọ́n dán, wọ́n gba abẹ́ àga alága kọjá wọ inú omi lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn náà lọ láìwẹ̀yìn. Ọmọ́ṣaléwá àti Raphael wà nínú ọkọ̀ wọn lókèèrè, wọ́n ń ka àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ìka. Ọmọ́ṣaléwá juwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí, pé ó lè gbé àga rẹ̀ wọlé.

Ògúntádé gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àga, ó na ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ìhà géètì. Ó gbọ́ ohùn Mùíz tó ń ná ẹja lọ́wọ́ Ìyá Wonder. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó rọra sún àga náà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, sún mọ́ omi.